Ìrìn Àjò Àga Mi Láti Ọ̀tùn Dé Ìkọ̀lé

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí a di àga sínú ọkọ̀ níwájú ìsọ̀ mi l'Ọ̀tùn. Ike ni mo ń tà: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, kẹ́ẹ̀gì. Mo tún ń yá àwọn tó ń ṣe ìnáwó ní àga. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ rò pé Ìkọ̀lé kò jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ròyìn fún yín.

Tèmítọ́pẹ́, ọmọbìnrin àbúrò mi, ló fa ìrìn àjò náà. Ọmọ náà kàwé títí ìwé fi sú ìwé. Ó ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ó padà wálé, ó wá di olórí ẹgbẹ́ kan níbí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wọn ni wọ́n ń pè ní ajáìlì. Mo ní kó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní bí iṣẹ́ bá tóbi, àwọn á gé e sí wẹ́wẹ́, àwọn á ṣe díẹ̀, àwọn á fi han ẹni tó niṣẹ́. Èyí tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àwọn á tún un ṣe kí àwọn tó bọ́ sí èyí tó kàn.

"Bí a ṣe ń kọ́lé l'Ọ̀tùn nìyẹn," ni mo wí. "Ọdún yìí ìpìlẹ̀, ọdún mẹ́wàá sí i, fèrèsé."

"Rárá, Màámi. Tiwa máa ń parí."

Mo gbà fún un.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ń kú lọ. Ìdó lẹnì kan wà, Ọ̀yẹ́ lẹnì kejì wà, orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, ẹ sì mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò wa: bí ẹ bá ní "ẹ káàárọ̀" sí i, ọ̀sán ni yóò dé ọ̀hún. Àwọn ọ̀gá wọn l'Ádó wá ní bí Tèmítọ́pẹ́ kò bá rí ibi ìpàdé gidi lápá ọ̀dọ̀ wa, kí ó gbé ipò olórí sílẹ̀, kí gbogbo wọn máa wá s'Ádó. Olóyè àgbà kan n'Íkọ̀lé ní gbọ̀ngàn kan níwájú ilé rẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá ṣe ìpàdé kan ṣoṣo níbẹ̀ kí òun fojú rí ìwà wọn. Bí ó bá tẹ́ òun lọ́rùn, gbọ̀ngàn di tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, ó dìgbóṣe. Ìpàdé náà ni à ń lọ ní Sátidé yìí.

Tèmítọ́pẹ́ ti sọ fún mi pé àwọn ò nílò àga. Ó ní ìdúró ni àwọn fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpàdé, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn. Ẹ gbọ́ irú rẹ̀ rí? Mo mọ̀ pé owó àga ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ ọ́. Kí èmi Ìyá Oníàga máa wòran, kí ọmọ àbúrò mi pe àlejò, kí àlejò dúró bí òpó iná? Mo lọ bá Bàbá Kẹ́hìndé, awakọ̀ tó ń bá mi kó ẹrù, a sì kó gbogbo àga tí mo ní.

Nígbà tí Tèmítọ́pẹ́ dé, ó wo àga, ó wò mí.

"Màámi Ọ̀tùn."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣeun."

Bí ọmọ tó kàwé ṣe ń bú àgbà nìyẹn.

Kòtò ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà Ọ̀tùn sí Ìdó. Bàbá Kẹ́hìndé mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ àna rẹ̀: ó ń yà fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí a wọ Ìdó. Ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí àga tí a tò gègèrè sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì ṣí fìlà.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o!"

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kó àga kọjá ní òwúrọ̀ Sátidé, òkú ló fẹ́ lọ sin. Kò sí ìtumọ̀ kejì.

"Ẹ ṣeun," ni mo wí. "Kò sẹ́ni tó kú."

"Ṣé àgbà ni?"

"Mo ní kò sẹ́ni tó kú."

"Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún un."

Ní Ìfàkì, àwọn ọlọ́kadà náà kí wa kú ìdárò. A dúró ra àkàrà. Ọgọ́rùn-ún náírà ni ẹyọ kan, kò sì tóbi ju bọ́tìnnì bùbá lọ. Tiwa l'Ọ̀tùn ṣì ń kún ẹnu. Ìyá alákàrà yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó mí kanlẹ̀, ó fi mẹ́ta ṣe ènì fún wa, ó ní kí a mọ́kàn le. Tèmítọ́pẹ́ fẹ́ ṣàlàyé fún un. Mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àkàrà ọ̀fẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń bá jiyàn.

L'Ọ̀yẹ́ a gbé Kúnlé, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wọn, ọmọkùnrin onígíláàsì kan. Láti ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kún Ọ̀yẹ́, gbogbo ògiri ibẹ̀ ti di ilé tí wọ́n fẹ́ fi háyà, àní ilé adìyẹ pàápàá ti ní nọ́ńbà. Kúnlé sọ fún mi pé àwọn ń sá sípíríǹtì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń sáré parí ìwọ̀nba iṣẹ́ kan. Mo wo ikùn rẹ̀. N ò bi í ní ìbéèrè míràn.

A kọjá Ìtàpá. Iṣu wà létí ọ̀nà, wọ́n tò wọ́n bí ọmọ iléèwé. Mẹ́ta fún ẹgbẹ̀rún márùn-ún, iṣu tó sanra. L'Ọ̀tùn, owó yẹn á ra méjì pẹ̀lú ìwọ̀sí. Mo ní a ó rà á bí a bá ń bọ̀.

A dé ilé Olóyè n'Íkọ̀lé. Wọ́n ní Bàbá ń wẹ̀ lọ́wọ́. Èmi àti Bàbá Kẹ́hìndé to àga sínú gbọ̀ngàn, ó gún régé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀ kí mi, ọmọ gidi ni wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjá lára àga mi bí ẹni kọjá lára gbèsè, wọ́n sì lọ pagbo síwájú, wọ́n dúró. Mo rò pé àdúrà ni wọ́n fẹ́ gbà.

Kì í ṣe àdúrà. Tèmítọ́pẹ́ yọ ọsàn kan. Ẹni tí ọsàn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló lè sọ̀rọ̀. Nǹkan mẹ́ta ni yóò sọ: ohun tó ṣe lánàá, ohun tí yóò ṣe lónìí, àti ohun tó dínà mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà yóò gbé ọsàn fún ẹnìkejì. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ìdúró ni èmi náà wà, mo ń fi àkísà nu eruku àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí.

Àárín èyí ni Bàbá Olóyè wọlé. Ó ga, ó tẹ̀ díẹ̀, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Àga ló kọ́kọ́ rí.

"Ẹ ní ẹ ò ní lo àga."

Ọsàn wà lọ́wọ́ Kúnlé. Gbogbo wọn wo Kúnlé. Kúnlé wo ọsàn.

"Ẹ jókòó," ni Bàbá wí.

Kò sẹ́ni tó jókòó.

Ohùn Bàbá wálẹ̀. "Ta ló kú?"

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń túfọ̀. Àwọn tó gbé e wá kì í jókòó. Wọ́n á pọ̀, wọ́n á máa wo ilẹ̀, olúkúlùkù á máa retí kí ẹlòmíràn yanu. Wọ́n á sì mú àgbàlagbà obìnrin kan dání tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí, tí yóò di ọlọ́fọ̀ mú. Mo wò yíká kí n rí obìnrin náà. Èmi ni.

"Rótìmí ni," Bàbá wí. Kò fi ṣe ìbéèrè. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ mi tó wà ní Kánádà. Ó ti pẹ́ tí kò pè mí. Mo mọ̀. Ẹ sì ti kó àga rẹ̀ dé inú ulé mi."

Ẹ̀rín tí mo ti ń rín láti Ọ̀tùn pòórá lẹ́nu mi. Mo ju àkísà nù, mo kúnlẹ̀. "Bàbá, kò sẹ́ni tó kú. Ìpàdé làwọn ọmọ yìí ń ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n wí lọ́jọ́ tí ìyá Rótìmí kú. Wọ́n ní kò sí nǹkan. Gbogbo wọn ló sì dúró."

Tèmítọ́pẹ́ ló yọ kúrò lágbo. Ó fa àga kan, ó sì jókòó.

"Ẹ jókòó, gbogbo yín."

"Ṣùgbọ́n Àǹtí," Kúnlé wí, "a ò tíì yípo tán..."

Tèmítọ́pẹ́ wò ó. Kúnlé jókòó. Gbogbo wọn jókòó. Bàbá ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹni tó kẹ́yìn fi fìdí lélẹ̀, nígbà náà ni òun náà tó jókòó.

Tèmítọ́pẹ́ gba ọsàn lọ́wọ́ Kúnlé, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Bàbá, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ dárí jì wá. Ó kàn yín. Kí lẹ ṣe lánàá?"

Bàbá yí ọsàn náà lọ́wọ́. "Mo retí fóònù."

"Lónìí ńkọ́?"

"Màá retí rẹ̀."

"Kí ló dínà?"

"Kò pè. Èmi náà ò lè pè é. Bàbá wo ló ń sá tọ ọmọ?"

"Bàbá, iṣẹ́ olórí ẹgbẹ́ ni láti mú ohun tó bá dínà mọ́ ẹnikẹ́ni lágbo kúrò," Tèmítọ́pẹ́ wí. "Ẹ má pè é. Èmi ni màá pè é."

Ó gba nọ́ńbà, ó pè. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Kánádà. Fóònù dún, ó dún, ó já. Ó tún un pè. Ohùn ọkùnrin kan tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀ jáde:

"Ẹ n lẹ́ o. Ta ló kú?"

Bàbá gba fóònù. "Ìwọ ni," ó wí. "Ṣùgbọ́n ó ti kọjá."

Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Bàbá bú u dáadáa, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Àwa ń wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìjókòó la wà.

Nígbà tó parí, ó nu ojú, ó gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Gbọ̀ngàn di tiwọn. Kí wọ́n máa dúró bí wọ́n bá fẹ́, uṣẹ́ wọn nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ rí ẹnì kan tó jókòó. Kúnlé béèrè ta ni yóò máa jókòó. Bàbá ní òun ni. Ó sì ní kí àga mi wà níbẹ̀ títí òun yóò fi ra tòun. Mo ní kí ó máa yá wọn lọ́wọ́ mi. Ó ní ṣé òun tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ni yóò tún sanwó? A gbà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí à ń bọ̀, Tèmítọ́pẹ́ ní bí kò bá sí àga tí mo kó wá, Bàbá ì bá má rò pé ẹnì kankan kú. Mo ní bí kò bá sí àga tí mo kó wá, ibo ni wọn ì bá jókòó sí? A dúró n'Ítàpá, a ra iṣu mẹ́ta náà. Ọkọ̀ ṣófo, kò sẹ́ni tó kí wa kú ìdárò mọ́, ìyá alákàrà Ìfàkì kò sì fi nǹkan kan ṣe ènì. Lọ́nà Ìdó ni Tèmítọ́pẹ́ gbé orí lé èjìká mi, ó sùn. Olórí ẹgbẹ́.

Mo ti yá ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àga láyé mi, mo rò pé ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó ni àga ń fún ní ìsinmi. Ó tún ń fún àyà ẹni tó ń wò ó ní ìsinmi.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo wọlé l'Ọ̀tùn. Kòtò ti mú ìbàdí mi gan, kò ṣe é tẹ̀, mo kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà, àárẹ̀ kò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀. Ọkọ mi gbójú sókè. Kò kí mi. Ọwọ́ rẹ̀ rọra wá eteetí àga rẹ̀ mú.

Mo mọ ohun tó ń rò. Mo wá àga, kò sí òmíràn nílé yàtọ̀ sí tirẹ̀, gbogbo tèmi wà n'Íkọ̀lé. Mo da bọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun kan dojú délẹ̀, mo sì jókòó lé e kíákíá.

Ó mí kanlẹ̀. Ó wá béèrè ohun tí mo rà bọ̀.