Èdè Tí Bàbá Mi Padà Sí

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìpọ̀nrí, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni bàbá mi fẹ́ máa gbọ́ nínú ilé. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Sùúrùlérè. Ọmọ Iléṣà ni wọ́n, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ Ìjẹ̀ṣà rí. Tí àbúrò wọn obìnrin bá pè wọ́n láti Iléṣà, wọ́n á gbé fóònù jáde sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Mọ́mì, tí wọ́n bí sí Mùṣín, ló ń bá mi sọ Yorùbá ní kíṣìnnì. Tí a bá ti gbọ́ ìró bàtà Dádì, a ó pa á tì.

Lọ́jọ́ Sátidé, tí Dádì bá ti lọ aṣọ iṣẹ́ wọn tán, wọ́n á pè mí, wọ́n á fún mi ní lẹ́tà bíi méjì, èmi á máa wá ọ̀rọ̀ tó ní wọn nínú. Tí wọ́n bá ní k àti n, màá ní knee, knife, knot, kneel. Wọ́n á ní k yẹn kì í sọ̀rọ̀, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni màá sọ ìtumọ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà ni mo sì gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́. Nígbà tí mo kan knead, ọ̀rọ̀ há mi lẹ́nu, mo bá ní, "Kéèyàn máa po ìyẹ̀fun." Wọ́n mi orí, wọ́n dúró títí mo fi rí i sọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn jù ni daughter àti laughter, ọmọbìnrin àti ẹ̀rín. Lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n lójú ìwé, ẹnu ò sì pè wọ́n bákan náà. Mo fẹ́ràn eré náà, torí ìgbà yẹn nìkan ni Dádì máa ń jókòó tì mí pẹ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún wọn kú, ẹnu wọn sì wọ́. Nígbà tí ohùn wọn padà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Obìnrin tó ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ ní ọsibítù sọ pé ọpọlọ wọn ṣì ń wá ọ̀rọ̀ kiri ni, ó ní kí n máa fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ dáadáa ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo rántí eré ọjọ́ Sátidé wa.

Nígbà tí a gbé wọn padà sílé, láràárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́ ní Yábàá, màá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì wọn. Màá fọwọ́ kan orúnkún wọn, màá ní, "Knee, Dádì." Wọ́n á wò mí, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gígùn kan jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣàlàyé nǹkan fọ́mọ. Ohun kan tí mo ń gbọ́ léraléra ni "ulé." Mo rò pé rule ni wọ́n fẹ́ pè. Inú mi dùn, mo kó àwọn ọ̀rọ̀ tó ní lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jọ fún wọn: rule, òfin, mule, ìbaaka. Dádì yí ojú sí ògiri.

Nígbà tó yá, àbúrò wọn wá kí wọn láti Iléṣà. Àǹtí fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sọ nǹkan kan, Dádì dáhùn, Àǹtí sì dá wọn lóhùn padà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni?"

"Kí ló dé tí mi ò ní gbọ́? Ìjẹ̀ṣà ni. Ẹnu wọn ló kàn wúwo díẹ̀."

"Kí ni ulé?"

"Ilé ni. Ilé ìyá wa tó jóná ni wọ́n ń sọ."

Mọ́mì fi aṣọ tí wọ́n ń ká sílẹ̀. "Ilé tó jóná? Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ wọn, mi ò gbọ́ ọ rí."

Dádì ń sọ ọ́, Àǹtí ń túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ni iná náà ṣẹ́ yọ. Kò sí ibi tí ìyá wọn máa kó àwọn ọmọ sí, ló bá mú Dádì lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ kan. Nílé olùkọ́ yẹn, ọmọ kankan ò gbọdọ̀ sọ èdè ilé.

"Wọ́n ní ìyá wa máa ń wá wo àwọn lọ́jọ́ ọjà," ni Àǹtí wí. "Olùkọ́ á wà nítòsí, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá ìyá lóhùn. Ìyá ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Á kàn máa rẹ́rìn-ín sí wọn, á sì gbé igbá rẹ̀, á máa lọ."

Omi ń bọ́ lójú Dádì. Mọ́mì lọ nù ún fún wọn.

Ọkọ Àǹtí ò gbádùn, torí náà Àǹtí ò lè pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mi ò pe Gẹ̀ẹ́sì kankan mọ́ láàárọ̀. Mo kàn ń jókòó, mo ń ṣa ọ̀rọ̀ tí mo bá dá mọ̀: uná, iná, ugi, igi, uṣu, iṣu. Ìyókù ń kọjá lọ. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, kò sọ sí mi lọ́kàn kí n gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo rò pé Àǹtí máa tètè padà wá. Rọpárọsẹ̀ kejì ló kọ́kọ́ dé. Ó gba Ìjẹ̀ṣà náà lẹ́nu wọn, nígbà tó sì máa fi di àsìkò òjò, Dádì ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo bi Àǹtí léèrè ohun tí wọ́n rò pé Dádì ń sọ fún mi láwọn àárọ̀ yẹn, kí wọ́n tó dé. Mo bi wọ́n bí Dádì ṣe pẹ́ tó nílé olùkọ́ náà, àti ẹni tó wá mú wọn kúrò níbẹ̀.

"Èmi ò tíì dáyé nígbà náà, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n."