Ẹsẹ Kejì tí Màmá Olóhùn Fò

Ẹni tó bá sọ fún yín pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni adarí orin ń ṣe, ẹ bi í bóyá ó ti fẹ́ ọ̀kan rí. Èmi fẹ́ ọ̀kan. Ọkọ mi lè jókòó ti oúnjẹ kó máa fi ṣíbí darí afẹ́fẹ́ títí ọbẹ̀ á fi dì, kó wá bi mí pé kí ló dé tí mo gbé oúnjẹ tútù fún òun.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ló fi dé ibi tó dé. Ó kọ́kọ́ ń ṣí ìwé orin fún ẹni tó ń tẹ dùùrù. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ń tẹ ẹ́ fún àwọn akọrin tó ń gbáradì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ di igbákejì adarí: tí òtútù bá mú ọ̀gá, òun ló ń dúró níwájú okẹ́sítírà, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo ohun èlò orin, tí ara ọ̀gá bá yá, ó di ìdí dùùrù. Màmá Olóhùn ló mú un wọ ilé ọpẹ́rà, ibi tí wọ́n ti ń fi orin ṣe eré orí ìtàgé. Obìnrin yìí ti ń kọrin níbẹ̀ kí wọ́n tó bí wa. Òun ló kọ́ ọkọ mi pé adarí tí kò bá jẹ́ kí akọrin mí, apààyàn ni. Ọkọ mi ò sì ní ìyá mọ́, ẹ wá fojú inú wo ohun tí Màmá jẹ́ fún un.

Nígbà tí ọ̀gá fẹ̀yìn tì, Alákòóso ilé eré ní kí ọkọ mi darí eré ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Tó bá lọ dáadáa, àga ọ̀gá di tirẹ̀. Tí kò bá lọ dáadáa, wọ́n á mú ẹlòmíì wá láti ìta, òun á sì máa tẹ dùùrù títí irun orí rẹ̀ á fi funfun.

Èmi náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Inú ihò kékeré kan níwájú ìtàgé ni mò ń jókòó sí, tí àwọn tó wá wòran ò ní rí mi. Kí akọrin tó kọ ìlà kan, mo ti sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí i létí, torí orin tó gùn tó yẹn, orí nìkan ò lè gbé e. Ọkọ mi àti okẹ́sítírà wà nínú kòtò lẹ́yìn mi. Dígí kan ni mo fi ń rí i.

Ohun gbogbo ń lọ geere títí ó fi kan orin ńlá Màmá, ẹlẹ́sẹ mẹ́ta. Ó kọ àkọ́kọ́ tán. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ kejì sí i ketekete. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, ó lanu, ó bọ́ sínú ẹkẹta.

Fáyólìn wà nínú ẹsẹ kejì, Màmá wà nínú ẹkẹta. Mo tún sọ ọ́, kò gbọ́. Nínú dígí, ọkọ mi ń na ìka mẹ́ta sókè kí àwọn eléré lè fò tẹ̀lé Màmá. Àwọn kan rí i, àwọn onífèrè ò rí i, gbogbo rẹ̀ wá dàrú. Ló bá ṣe ohun tí adarí kì í ṣe bí òrùlé tilẹ̀ ń jóná: ó sọ ọwọ́ méjèèjì kalẹ̀. Orin dúró. Ó kọjú sí èrò.

“Ẹ má bínú,” ó ní, “èmi ni mo ṣì í. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún orin yìí bẹ̀rẹ̀.”

Màmá rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tí ọmọ da omi sí lára. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ni mo ń kì sí i létí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Àwọn èèyàn sunkún, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn eré, Alákòóso pe àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọ́fíìsì. Ó ní adarí tó dá eré dúró lójú èrò ò lè jókòó sí àga ọ̀gá. Màmá náà sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé ọmọ òun ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n kò tíì gbó. Ọkọ mi sorí kọ́. Nígbà tó rí i pé mo fẹ́ lanu, ó fojú bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́.

Èmi? Kí n dákẹ́? Inú bí mi dé góńgó.

“Màmá,” mo ní, “ẹsẹ kejì lẹ fò.”

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

“Èmi kẹ̀? Orin tí mo ti ń kọ kí wọ́n tó bí ìyàwó yìí?”

Ọkọ mi ní kí wọ́n má dá mi lóhùn, pé ó ti rẹ̀ mí. Màmá ò gbọ́. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó dá orin náà láìsí ohun èlò kankan. Ohùn yẹn ṣì dùn, mi ò ní purọ́. Ó parí ẹsẹ kìíní, ó mí, ó sì bọ́ sínú ẹkẹta. Ó kọ ọ́ dópin, ó wá wò wá tìgbéragatìgbéraga, pé ṣé a ti gbọ́ báyìí.

Alákòóso ń wo tábìlì. Màmá wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí kò rí. Ó yíjú sí ọkọ mi.

“Ọmọ mi, báwo ni ẹsẹ kejì ṣe bẹ̀rẹ̀?”

Ọkọ mi kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ Màmá méjèèjì mú, ó fi ohùn rẹ̀ tí kò dùn yẹn kọ ọ́ sí i létí. Màmá ń tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ó ní kí Alákòóso fún ọkọ mi ní àga náà, kó sì wá ẹlòmíì tí á máa kọ orin òun.

Ohun tí mo ń wá nìyẹn, ọwọ́ wa sì tẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.