Bírò Pupa àti Ojú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò ríran dáadáa mọ́. Ó ní nínú fóònù, gbogbo ọmọ tuntun jọ iṣu tí wọ́n fi aṣọ wé. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo bímọ lókè òkun, tí wọ́n sì fẹ́ sọ ọmọ náà lórúkọ ní agogo méjìlá ọ̀sán Sátidé, ó wọ mọ́tò láti Ibefun wá sí ilé mi ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ó lè wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ojú kọ̀ǹpútà mi fẹ̀ dáadáa.

Agogo mọ́kànlá kò tíì lù tí mo tan ẹ̀rọ náà. Kọ̀ǹpútà ń kùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú. Ìlà ọ̀rọ̀ kékeré kan yọ níbẹ̀ pé kò rí àmì kankan gbà, ó sì pòórá. Mo pe ẹni tó máa ń bá mi tún un ṣe. Ó ní, “Ẹ gbé e wá ní Mọ́ńdè, sà.”

Ẹ̀gbọ́n mi ti wé gèlè, ó ti jókòó síwájú ẹ̀rọ bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

“Tíṣà, ìwọ tó máa ń na ọmọ ọlọ́mọ tó bá pẹ́ dé!”

“Ẹ̀gbọ́n mi, n kì í na ọmọ. Mo máa ń ní kí wọ́n kúnlẹ̀ ni.”

“Ó dáa, ní kí ẹ̀rọ yìí náà kúnlẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá rántí ohun tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ: ẹ ka ìbéèrè kí ẹ tó dáhùn. Ojú tó lè kọ̀wé kò tíì kú. Àárín òun àti kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ wà.

Mo pa iná, mo tú wáyà tó so àwọn méjèèjì pọ̀. Àwọn abẹ́rẹ́ tín-ín-tín-ín tò sí ẹnu rẹ̀; ọ̀kan ti tẹ̀, ó fara ti èkejì.

Mo mọ ẹni tó ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, nítorí àrá àti nítorí iná tó máa ń fi agbára dé, mo máa ń yọ gbogbo wáyà ilé. N kì í dúró lórí ti ara ògiri. Mo máa ń tú ti àárín yìí náà, mo máa ń ká a, mo máa ń fi rọ́bà dì í. Ìmọ́tótó mi ló ṣẹ́ ọrùn rẹ̀.

Mo mú bírò pupa kan tí yíǹkì rẹ̀ ti tán, mo yọ inú rẹ̀. Mo ki ẹnu rẹ̀ tó ṣófo bọ abẹ́rẹ́ náà lórí, mo rọra gbé e dìde. Ó kọjá ààlà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo tún dá a padà. Ẹ̀gbọ́n mi ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Nígbà tó dúró déédéé, mo so wáyà náà padà, mo tan iná.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo méjìlá lù nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀. Èémí tí mo mí, aládùúgbò lè gbọ́ ọ.

Nígbà tí ìsọmọlórúkọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ọmọ náà sún mọ́ wa lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n mi na ìka sí i.

“Imú bàbá wa rèé! Wò ó!”

Mo wò ó. Òótọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n parí, mo dìde láti tú wáyà. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú.

“Yọ ti ara ògiri. Fi ìyẹn sílẹ̀ jẹ́ẹ́.”

Mo fi í sílẹ̀.