Jẹ́jẹ́ Jẹwé, Télọ̀ Tò Ó Pọ̀

Wọ̀n-ọ́n-wò ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá télọ̀. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi tó bá ń wẹ̀. Ìyẹn náà, ẹnu ìyàwó rẹ̀ la ti gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbójú sókè nídìí máṣíìnì, ló bá rí Jẹ́jẹ́, ajá rẹ̀ tí ìwà rẹ̀ ò jọ orúkọ rẹ̀ rárá, nídìí òdòdó inú ìkòkò tí ìyàwó rẹ̀ gbé sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ewé ńlá kan ti di àkísà. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu ajá bí omi ẹ̀rọ tí wọn ò tì pa.

"Yéè! Ẹni tó ta òdòdó yẹn fún mi ní ó lóró o!" Ìyàwó ló pariwo.

"O sì gbé e sílẹ̀?"

"Ṣé èmi mọ̀ pé ajá yín ti di ewúrẹ́ ni?"

Ó ti gbé kọ́ọ̀bù mílíìkì dé, ó fẹ́ dà á sí Jẹ́jẹ́ lẹ́nu. Ọkọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú, ó pe dókítà ẹran lórí fóònù.

"Ẹ má da nǹkan kan sí i lọ́fun, ẹ má sì fipá mú un bì," ni dókítà wí. "Ẹ fomi ṣan ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé òun àti òdòdó náà wá kíákíá. Báwo ni èyí tó jẹ ṣe pọ̀ tó?"

Ta ló ń bi Wọ̀n-ọ́n-wò nírú ìbéèrè yẹn! Bí ìyàwó ṣe ń ṣan ẹnu ajá, òun ti ṣa àjákù ewé sórí tábìlì, ó ń fi pín-ìnnì tò wọ́n mọ́ bébà.

"Ajá ń kú lọ, ẹ̀yin ń ránṣọ fún ewé!"

"Dókítà ní báwo ló ṣe pọ̀ tó!"

Wọ́n já sójú títì. Ọkọ gbé ajá, ó mú bébà dání, ìyàwó ru ìkòkò, kọ́ọ̀bù mílíìkì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹ ń kó kúrò nílé ni?" ni bàbá fọganáísà tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà bi wọ́n. Wọ́n sáré kọjá, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Dókítà wo bébà náà títí. "Ewé ibi tó ṣófo yìí ló wà nínú ajá?"

"Ìka méjì ní gígùn, ìka kan ní ìbú." Wọ̀n-ọ́n-wò fa téèpù yọ lọ́rùn, ó tún wọ̀n ọ́n. "Mi ò ka ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà mọ́ ọn o. Dókítà, ṣé á kú?"

Dókítà tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu Jẹ́jẹ́, ó fi ẹ̀mú fa nǹkan tútù kan yọ tó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Wọ̀n-ọ́n-wò gbà á, ó fi í sí àyè tó ṣófo. Ó bá a mu bí apá ẹ̀wù.

"Ó pé! Kò gbé nǹkan kan mì!" Ó jókòó pátì sílẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Oje ewé náà ló ta á lẹ́nu," ni dókítà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà máa ṣọ́ ọ dọ̀la. Bí ẹnu rẹ̀ bá wú, ẹ gbé e padà wá."

Ìyàwó mí kanlẹ̀, ó wá da mílíìkì náà sọ́fun ara rẹ̀.

Ẹnu ò wú. Nígbà tó dọjọ́ kejì, Wọ̀n-ọ́n-wò wọn ibi tí Jẹ́jẹ́ lè fò dé, ó fi ìgbọ̀nwọ́ kan lé e, ibẹ̀ ló kan pákó mọ́ lára ògiri, ó gbé òdòdó sórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ìyàwó rẹ̀ bá fẹ́ bomi rin òdòdó, àfi kó gun àga.