Ọdún Tí A Fa Àbẹ̀kẹ́ Gòkè

Òórùn ọ̀dà dúdú tó ń hó ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ajégúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Owódé Onírin lákòókò tiwa á mọ òórùn tí mò ń sọ. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì ni, bàbá mi máa ń gbé e ka orí iná igi nínú agolo ńlá kan tó ti dúdú látòkè délẹ̀. Òórùn náà á wọnú aṣọ, á wọnú ẹ̀kọ tí à ń mu, á sì wà nínú irun mi títí olùkọ́ á fi béèrè ní kíláàsì pé ta ló ń rùn bíi mọ́tò. Kò dùn mí rárá nígbà náà. Òórùn yẹn ló ń sọ fún mi pé ọyẹ́ ti dé, omi odò Ògùn ti fà, bàbá mi sì fẹ́ fa ọkọ̀ wọn gòkè.

Ọkọ̀ ìgbòkun ni. Kì í ṣe irú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dẹ àwọ̀n. Ó gùn, ikùn rẹ̀ fẹ̀, òpó kan sì wà láàárín rẹ̀ tí bàbá mi máa ń ta ìgbòkun sí bí wọ́n bá ti kọjá Agbóyì tí wọ́n bọ́ sórí ọ̀sà. Màmá mi ló fi àpò ìyẹ̀fun rán ìgbòkun náà, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ni mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Bàbá mi ń fi ọkọ̀ náà kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrèké àti igi ìdáná wá láti àwọn abúlé etí ọ̀sà. Màmá mi á gba ẹrù létí odò, wọ́n á kó o lọ tà ní Mile 12. Ohun tí à ń jẹ àti ohun tí mo fi ń lọ sílé ìwé, inú ikùn ọkọ̀ yẹn ló ti ń wá. Àbẹ̀kẹ́ ni bàbá mi kọ sí imú rẹ̀. Oríkì màmá mi nìyẹn.

Ọjọ́ tí a bá fẹ́ fà á gòkè, kò sẹ́ni tó ń jókòó sílé ládùúgbò wa. Wọ́n á gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á tò wọ́n sílẹ̀ láti etí omi dé abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé wa, nítorí omi ara ìtì yẹn máa ń yọ̀, ọkọ̀ á sì rọra máa gun orí rẹ̀ bọ̀. Àwọn ọkùnrin á di okùn mú. Bùọ̀dá Músẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ní ọkọ̀ kékeré tiwọn, ló máa ń dá orin, orin náà sì máa ń jẹ́ èyí tí àwọn ìyá kì í fẹ́ kí ọmọ gbè. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbé ìtì tí ọkọ̀ ti rékọjá láti ẹ̀yìn sáré lọ síwájú. Inú mi máa ń dùn débi pé n kì í rántí pé mo ti sọ ẹsẹ̀ bàtà mi kan nù sínú ẹrẹ̀.

Tí ọkọ̀ bá ti jókòó, bàbá mi á máa fi òòlù kan ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á sì máa tẹ́tí sí i. Ibi tó bá dún kokoko ṣì lágbára; ibi tó bá dún bọ̀ọ̀, pákó ibẹ̀ ti ń jẹrà. Èmi ni mo máa ń fi ọ̀bẹ kékeré tú òwú àtijọ́ kúrò láàárín àwọn pákó. Bàbá mi á ki òwú tuntun tí wọ́n ti rẹ sínú epo bọ ibẹ̀, wọ́n á da ọ̀dà gbígbóná lé e, wọ́n á wá kùn ún láwọ̀ búlúù. Lọ́pọ̀ ọdún, Àbẹ̀kẹ́ á ti padà sómi kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọkọ̀ náà ti dàgbà. Bàbá mi kan ikùn rẹ̀, ó dún bọ̀ọ̀ níbì kan. Wọ́n yọ pákó ibẹ̀, wọ́n rí i pé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò dá wọn lójú. Wọ́n yọ ìyẹn náà. Nígbà tí wọ́n fi máa gbójú sókè, ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ ti ṣí sílẹ̀, adìẹ wa sì ń gba ibẹ̀ wọlé lọ yé ẹyin. Àdúgbò fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ẹni tó bá ń kọjá á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìgbà wo la máa bá yín tì í sómi?" Bàbá mi á dáhùn láìbojú wẹ̀yìn pé, "Ó kù díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìyẹn. Tí wọ́n bá ń gé èékánná fún mi, ó kù díẹ̀. Tí oúnjẹ bá ti ń tutù, ó kù díẹ̀. Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n o. N kò tíì rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó bàbá mi láyé yìí, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ká ní ọ̀lẹ ni wọ́n ni, ǹ bá ti bínú sí wọn tipẹ́, ǹ bá sì ti gbàgbé. Ohun tí wọn kò lè ṣe ni kí wọ́n fi ohun tí kò tíì tẹ́ wọn lọ́rùn sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ.

Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí àgbàlagbà kan wá bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Ìdílé tó ni ilẹ̀ etí odò náà ló rán an. Mo wà níbẹ̀, mò ń fi kẹrosíìnì nu ọ̀dà kúrò ní ọwọ́ mi. Ó ní, "Bàbá Bàsírà, a ti ta ẹ̀bá odò yìí o. Ẹni tó rà á fẹ́ kó yanrìn sí i kó mọ ògiri. Ẹ tètè gbé ọkọ̀ yín sọ̀ kalẹ̀ kí típà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé, torí tí wọ́n bá ti dí i, ẹ ò ní í rọ́nà gbà." Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Wọ́n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n padà wá sídìí iṣẹ́ wọn, wọ́n sì yọ pákó mìíràn.

Màmá mi kò ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n máa tà mọ́. Wọ́n ń lọ ra ata nídìí lọ́rì ní Mile 12 láàárọ̀ kùtù, wọ́n á tún un pín sí ibi kéékèèké lórí àpò tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, láàárín tòmátì jíjẹrà àti omi dúdú. Tí mo bá dé láti ilé ìwé, màá lọ bá wọn níbẹ̀, ojú á máa ta mí nítorí ata. Èèyàn tó máa ń dúró létí odò kí ẹrù wá bá wọn, àwọn ló wá ń du ẹrù pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n tó bí lọ́mọ. Wọn kò ráhùn lójú mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dẹ́kun kíkọ orin.

Bùọ̀dá Músẹ́ẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Ìgbà kan náà ni ọkọ̀ tiwọn àti tiwa gòkè, ṣùgbọ́n tiwọn ti padà sómi tipẹ́. Wọ́n fi páànù òrùlé àtijọ́ lé ibi tó jò, wọ́n kàn án níṣòó, ó tán. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi páànù lé e, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ lè tún un ṣe dáadáa lọ́dún tó ń bọ̀."

Bàbá mi ní, "Ọkọ̀ tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ kò ní í lẹ páànù kiri orí omi."

Màmá mi ń ṣa ẹ̀wà ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbé atẹ sílẹ̀. "Bàbá Bàsírà, èmi gan-an tí mò ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́, mo ní ó ti tó bẹ́ẹ̀."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n yìn. Wọ́n ní, "Ó kù díẹ̀, ìyàwó mi." Mo ti ro ẹ̀rín yẹn títí. Mo gbà pé ìfẹ́ ni, pé wọ́n fẹ́ kí ohun tó bá ń jẹ́ orúkọ màmá mi dára débi pé ẹnikẹ́ni kò ní lè rí àbùkù lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú màmá mi ni mo ń wò lọ́jọ́ yẹn, kò sì rí bí ojú ẹni tí wọ́n fẹ́ràn.

Típà dé. Mo ti ilé ìwé bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fẹ́ lọ fọ ẹsẹ̀ létí odò gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe, mo bá yanrìn pupa tó ga jù mí lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, n kò lè rí omi láti abẹ́ igi máńgòrò mọ́. Bàbá mi dúró, ọwọ́ wọn dá sórí pákó, wọ́n ń wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n dàbí arúgbó lójú mi.

Màmá mi ló tún rí ọ̀nà. Wọ́n ní lọ́dọọdún ni omi máa ń kún wá bá wa nílé nígbà tí wọ́n bá ṣí dáàmù tí wọ́n fi sé omi lókè odò, tó bá sì ti kún, yóò gba orí yanrìn yẹn kọjá. Kí bàbá mi ṣáà ti dí ọkọ̀ náà pa. Omi fúnra rẹ̀ á gbé e. Ọ̀rọ̀ náà wọ bàbá mi létí. Wọ́n ṣiṣẹ́ bí n kò ṣe rí wọn kí wọ́n ṣe é rí; pákó tuntun, òwú tuntun, ọ̀dà, sáńpépà, wọ́n wá kùn ún láwọ̀ búlúù. Wọ́n gbé mi sí èjìká kí n lè rí lẹ́tà orúkọ náà dáadáa. Kò sí ọkọ̀ tó dára tó o ní gbogbo etí odò yẹn. A ti ń dúró de omi tí àwọn yòókù ń sá fún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi fi àtẹ́lẹwọ́ ra ikùn ọkọ̀ náà, wọ́n dúró níbì kan, wọ́n tún ra á. Oòrùn ti ká pákó kan sókè díẹ̀ nítòsí ìdí ọkọ̀. Ojú kò rí i. Mo wá a títí, n kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn rí i. Rédíò ti ń kìlọ̀ pé kí àwọn tó wà létí odò máa kó ẹrù. Bàbá mi mú irin, wọ́n yọ pákó náà, wọ́n ní àwọn fẹ́ wá èyí tó tọ́ jù ú lọ. Màmá mi wò wọ́n, wọ́n sì wọlé lọ di ẹrù wa.

Àárọ̀ ni omi dé. Bàtà wa ló kọ́kọ́ léfòó nínú yàrá. Bùọ̀dá Músẹ́ẹ̀ gbé ọkọ̀ wọn wá sí ẹnu ìlẹ̀kùn wa gan-an, a wọ̀ ọ́, èmi, àwọn òbí mi, ìkòkò, ẹ̀rọ ìránṣọ àti adìẹ. Mo jókòó lórí páànù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Kò jò.

A gba abẹ́ igi máńgòrò kọjá. Omi ti bo yanrìn náà mọ́lẹ̀ pátápátá, odò àti ẹ̀yìn ilé wa ti di ọ̀kan, àfi bí ẹni pé kò sẹ́ni tó tà á rí. Àbẹ̀kẹ́ kò gbéra. Omi ń gba ojú pákó tó ṣí sílẹ̀ yẹn wọlé láìpariwo, ó ti dọ́gba nínú àti lóde. Bùọ̀dá Músẹ́ẹ̀ dá àjẹ̀ dúró, wọ́n wò ó. Bàbá mi na ọwọ́, wọ́n fi ìka ra lẹ́tà orúkọ màmá mi.

Wọ́n ní, "Ọ̀dà náà mú dáadáa."

Nígbà tí omi fà, ẹrẹ̀ ti kún inú ọkọ̀ náà, ògiri sì dìde lórí yanrìn kó tó di ọdún tuntun. Bàbá mi lọ ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù ní Mile 12 títí agbára wọn fi tán. Wọ́n ṣe olùṣọ́ tó dáa. N kò gbọ́ "ó kù díẹ̀" lẹ́nu wọn mọ́ títí wọ́n fi kú, èmi tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà máa ń sú mi, mo wá ń wá a.

Ìkòsì ni mò ń gbé báyìí. Aṣọ ni mò ń rán, nínú pálọ̀ mi. Mo ti gba ìsọ̀ kan ní Kétu tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀, mo fi aṣọ bò wọ́n. Mo kun ìsọ̀ náà, àwọ̀ rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo tún un kùn. Mo kan dígí, mo yọ ọ́. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi lójúlé kejì ti ń gba ọmọṣẹ́. Bí mo bá rántí ọmọ tó jókòó sórí páànù Bùọ̀dá Músẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ojú máa ń tì mí níwájú rẹ̀. Ó mọ ọkọ̀ tó yẹ kéèyàn wọ̀.

Màmá mi ń bá àbúrò mi tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún omi yẹn gbé ní Ìkòròdú. Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí bí wọ́n ṣe máa ń pè. Wọ́n béèrè bóyá mo ti ṣí ìsọ̀ náà. Inú ìsọ̀ náà ni mo wà, mò ń kun ẹsẹ̀ ògiri. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Ó kù díẹ̀, Màámi."

Mo tún ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà.

Lẹ́yìn náà màmá mi ní, "Bàsírà, fi páànù lé e."

Mo ní mo ti gbọ́, mà. Búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ mi.