Ẹni Tó Wà Lábẹ́ Tábìlì Mi

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó tètè rín in tán. Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ojú mi ló ṣe, ara mi ló sì kàn. Ẹ má sì rò pé òru ni o. Ọ̀sán gangan ni, nínú ọ́fíìsì, tí fáànù ń yí lókè orí mi.

Port Harcourt ni wọ́n bí mi sí. Ará Ìjẹ̀bú ni bàbá mi, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni. Ọmọ Ikwerre ni màmá mi. Nígbà tí ogun ń rùn bọ̀, bàbá mi lọ sí Ìjẹ̀bú láti wá ibi tí a máa gbé, bí ọ̀nà ṣe dí nìyẹn, kò lè padà wá mú wa. Gbogbo bọ́ǹbù tó bọ́ sí ìlú yẹn, etí èmi àti màmá mi ló gbọ́ ọ. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ bàálù ogun lórí òrùlé ara rẹ̀ rí, kó má wá ṣàlàyé ẹ̀rù fún mi.

Nígbà yẹn, a kì í wọ funfun. Wọ́n ní àwọn tó ń wa bàálù máa ń rí funfun láti òkè. Àwọn obìnrin pa aṣọ wọn láró, àwọn tó ní mọ́tò ń fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Bí o bá fi àṣìṣe wọ funfun wọ inú bọ́ńkà, ihò tí a gbẹ́ láti sá pamọ́ sí, àwọn èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bọ́ ọ síhòòhò, nítorí ikú rẹ nìkan kọ́ lo gbé wọlé.

Àwọn ṣójà ìjọba wọ ìlú ní 1968, ogun sì sún síwájú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo rí iṣẹ́ táìpù ní Old GRA, ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá wọn gba ẹrù ọkọ̀ ojú omi. Kí ni wọ́n ní kí àwa obìnrin máa wọ̀? Búláòsì funfun! Mo wọ̀ ọ́. Owó oṣù yẹn ni èmi àti màmá mi ń jẹ, kò sí òmíràn.

Ṣùgbọ́n àwọn bàálù ológun ṣì ń gbéra láti ìlú wa lójoojúmọ́. Bí ọ̀kan bá ti dún báyìí, mi ò ní mọ ìgbà tí mo kúrò lórí àga. Màá kàn bá ara mi lábẹ́ tábìlì ni, eyín mi á máa gbá ara wọn.

Ẹ̀rín ń pa wọ́n. Ọ̀gá wa, Ọ̀gá Bánkọ́lé, tó ti Èkó wá lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ rọ̀, ló burú jù. Bí àlejò bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, á yọ́ wá sẹ́yìn mi, á fi ẹnu dún bíi bàálù, vuuu, kí wọ́n lè rí mi bí mo ṣe máa kó sábẹ́ tábìlì. Ó dùn mí dé egungun. Nígbà tó yá, eré náà sú u.

Ó ní, "Bí o bá tún wọ abẹ́ tábìlì yìí, máa ti ibẹ̀ lọ sílé."

Nọ́ọ̀sì kan wà nínú ọgbà wa, ará Ìjẹ̀ṣà. Mo bi í bóyá mo ti ń ya wèrè.

Ó ní, "Wèrè kẹ̀? Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ara ẹ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá, kò tíì gbọ́ pé ogun ti lọ. Àlàyé ò sì lè yé ara, àfi kó o fi hàn án. Bí ẹ̀rù bá dé, má sáré. Jókòó tì í díẹ̀, kí ara rí i pé o ò kú. Tó bá di ọjọ́ mìíràn, kó o jókòó pẹ́ sí i."

Mo gbìyànjú ẹ̀. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn yòókù ti lọ jẹun, bàálù kan wá fò kọjá nílẹ̀ nílẹ̀. Kí n tó mí, mo ti wà lábẹ́ tábìlì.

Ẹnì kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi.

Ẹ gbà mí gbọ́! Orúnkún ẹ̀ kan tèmi. Ó ń gbọ̀n. Òórùn ilẹ̀ tútù ń jáde lára ẹ̀, òórùn bọ́ńkà. Orí mi wú.

"Sista," ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "cover your white. Dem go see us."

Ó di apá mi mú, ó ń fa búláòsì mi, ọwọ́ ẹ̀ tutù, ó sì ń yọ̀ bí ẹrẹ̀. Mo ní, "Who you be?" Ó kàn ń bi mí ṣáá pé, "E never go? E never go?"

Bàálù náà lọ. Mo fi ìdí wọ́ jáde, mo wo abẹ́ tábìlì. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àpá ọwọ́ wà lára búláòsì mi, ẹrẹ̀ pupa, ìka márààrún pé. Ẹ̀ẹ̀rùn ni o, sìmẹ́ńtì dídán sì ni ilẹ̀ ọ́fíìsì wa.

Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, kò lọ. Màmá mi bú sẹ́kún. "My pikin, no go that place again."

Inú bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ogun ti gba bàbá mi lọ́wọ́ mi, ó ti gba oorun mi, ṣé kí n tún wá gbé iṣẹ́ mi fún un? Kò ṣeé ṣe! Búláòsì yẹn náà ni mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, tòun ti àpá ọwọ́ lára ẹ̀.

Bàálù dún. Ọ̀gá Bánkọ́lé jáde, ó káwọ́ gbera lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Mo mọ ohun tó ń dúró dè. Mo di ẹ̀rọ táìpù mú.

Ọwọ́ tútù náà sì di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú lábẹ́ tábìlì. Ó ń fà mí. "Come down, Sista. Abeg."

Omi ń bọ́ lójú mi, òógùn bò mí. Àmọ́ mo jókòó. Mo ní, "Mi ò wá. E don go. You hear? E don go. If you wan come out, come out, but me I no dey come down."

Bàálù náà kọjá. Mo ṣì wà lórí àga mi! Ọwọ́ yẹn rọra tú.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Ọ̀gá ló bi mí.

"Ẹni tó wà lábẹ́ tábìlì ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Jẹ́ kí n kí i nígbà náà." Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti orí bọ abẹ́ tábìlì, ó sì fi ẹnu dún bíi bàálù, vuuu.

Ẹ̀rín náà já lójijì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ẹrẹ̀ pupa wà láyà ṣẹ́ẹ̀tì funfun ẹ̀, ìka márààrún. Kò wo ojú mi. Ó wọ yàrá ẹ̀, ó tilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà, bí bàálù bá ti dún, à ń gbọ́ bí àga ẹ̀ ṣe ń ṣubú. Èmi ń bá iṣẹ́ mi lọ ní tèmi. Ẹ̀rù ń bà mí o, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n kò gbé mi kúrò lórí àga mọ́. Kò sì sẹ́ni tó lé mi.

Nígbà tó fẹ́ padà sí Èkó, ó wá bá mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Báwo lo ṣe ṣe é?" Mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún mi fún un. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Ta ni ẹni yẹn? Mi ò mọ̀ títí dòní. Mi ò sì mọ̀ bóyá ó bá Ọ̀gá lọ, tàbí ó ṣì wà lábẹ́ tábìlì yẹn tó ń béèrè bóyá bàálù ti lọ. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ní fún yín: bí ẹ bá rí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ẹ má fi ẹnu dún bíi bàálù sí i. Ẹ ò mọ ẹni tó wà lábẹ́ tábìlì tó ń gbọ́ yín.