Àwọn Méjì Tó Ń Dúró De Ìkíni

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ mi ní Greenbelt, ní Amẹ́ríkà, ni kọ̀ǹpútà dákú mọ́ mi lọ́wọ́. Kò pariwo, kò rú èéfín, ó kàn dúró gbagidi bí ọmọ tó kọ oúnjẹ. Mo ti gbà pé èmi ni mo bà á jẹ́. Bọ̀dá Káyọ̀dé, ará Ìbàdàn tó ń kọ́ mi níṣẹ́, fa àga wọn sún mọ́ mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Deadlock ni," wọ́n ní. "Ìwọ di ìkòkò mú, o ń dúró de omorógùn. Èmi di omorógùn mú, mò ń dúró de ìkòkò. Ta ló máa jẹun?"

Wọ́n ní ibi gbogbo ló wà. Kóòtù Upper Marlboro ti pe Bọ̀dá alára rí pé kí wọ́n wà lára àwọn ará ìlú tó máa fẹnu kò lórí ẹjọ́ kan. Àwọn ará ìlú náà ń jiyàn títí, apá kan ní ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi, apá kan ní kò jẹ̀bi, ni adájọ́ bá tú wọn ká láìsí ìdájọ́. Bí òṣìṣẹ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀ tí agbanisíṣẹ́ náà sì káwọ́ gbera, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè é. Ti kọ̀ǹpútà ló ní oògùn tó dájú: ibì kan náà ni kí gbogbo wọn ti máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan omorógùn kó tó débi ìkòkò.

Ẹ̀kọ́ yìí dùn mọ́ mi. Mi ò mọ̀ pé orí ẹni tó kọ́ mi gan-an ni màá ti lò ó.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi Fálọdún jọ̀gá lé wa lórí. Ọmọ Yorùbá tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ni, ẹgbẹ́ mi ni, Bọ̀dá Káyọ̀dé sì dàgbà jù ú lọ dáadáa. Àràárọ̀ ló máa ń tẹ̀ ba kí wọn tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó di ọ̀gá, Bọ̀dá ń retí ìkíni àbúrò, Fálọdún náà ń retí kú oríire. Kò sẹ́ni tó la ẹnu. Ó di ọjọ́ kejì, ó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ń kí gbogbo ènìyàn àfi ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ilé ìwòsàn kan wà nílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọwọ́ Bọ̀dá ni iṣẹ́ náà wà, wọn ò ní gbé e fún ọ̀gá tí kò kí wọn. Ọwọ́ Fálọdún ni àṣẹ wà, kò sì ní béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò kà á sí ọ̀gá. Tí ilé ìwòsàn bá fi wá sílẹ̀, èmi tí mo dé kẹ́yìn ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá dúró. Ẹ̀rù bà mí gidigidi.

Màmá mi wá kí mi láti Abẹ́òkúta nígbà náà, wọ́n wà lọ́dọ̀ mi ní Hyattsville. Ni mo bá rántí ìkòkò: kí ni mo lè gbé síwájú àwọn méjèèjì tí kò sẹ́ni tó lè yà kọjá lára rẹ̀? Láàárọ̀ Jímọ̀, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún Màmá nínú ọkọ̀, mo sì mú wọn lọ síbi iṣẹ́.

Mo dá wọn dúró sáàárín ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Bọ̀dá àti ti Fálọdún, mo ní ẹ wá wo màmá mi o. Ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí pọ̀. Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Fálọdún dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èjìká kan èjìká lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Màmá ò ní kí wọ́n dìde. Wọ́n kọ́kọ́ súre, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ọmọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ti kí ara yín láàárọ̀ yìí?"

Oníkálukú tẹjú mọ́ kápẹ́ẹ̀tì.

"Ó dáa. Ibẹ̀ náà lẹ máa wà."

Òyìnbó kan tó gbé kọfí kọjá béèrè bóyá kí òun pe ọkọ̀ áńbúláǹsì. Mo ní rárá, ìpàdé ni wọ́n ń ṣe. Orí ìyẹn ni Fálọdún yíjú sí ẹ̀gbẹ́, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," bí Bọ̀dá náà ṣe ń sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ kú oríire." Ohùn wọn kọlu ara wọn. Ẹ̀rín bú, wọn ò lè dìde mọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi.

Iṣẹ́ náà jáde kí oòrùn tó kan àtàrí. Bí a ṣe ń gba Kenilworth Avenue bọ̀ nílé, Màmá ní kí ni mò ń ṣe níbẹ̀ gan-an. Mo ní àwọn tó bá ń dúró de ara wọn ni mò ń tú sílẹ̀.

Màmá ní, "Wọ́n wá ń sanwó oṣù fún ọ lórí ìyẹn? Ọ̀fẹ́ ni mo ti ń ṣe é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ."